Ìṣẹ́jú Mẹ́ta fún Afárá

Kí n tó di aṣòfin, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé àwọn aṣòfin wa ń fi àkókò ìlú ṣòfò. Mi ò mọ̀ pé èmi náà á tètè di ẹ̀rí ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ afárá ló gbé mi dé ilé aṣòfin ní Ìkẹjà. Afárá onípákó tó so abúlé wa létí ọ̀sà mọ́ ilé ẹ̀kọ́ tó wà lódìkejì ti jẹrà. Àwọn ọmọ ń di ara wọn lọ́wọ́ mú kí wọ́n tó lè gbà á kọjá. Mo gba yàrá méjì sí àdúgbò Ọgbà, mo sì ń lọ síbẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Gbogbo rẹ̀ ni mò ń tọpinpin: ìdí tí a fi ń tẹrí ba fún ọ̀pá àṣẹ, ìdí tí ẹni méjì tó jókòó ti ara wọn kò fi gbọdọ̀ bá ara wọn jiyàn, àfi kí wọ́n darí ọ̀rọ̀ sí Olórí Ilé.

Lóṣù kejì, Olórí Ilé pè mí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni òfin fún mi. Mo dìde, mo ṣe bí wọ́n ti tọ́ mi. Mo kí Olórí Ilé, mo kí igbákejì wọn, mo kí àwọn tó ti débẹ̀ ṣáájú mi, mo kí àwọn ìyá wa, mo kí àwọn onílẹ̀ tó gbà wá lálejò, mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Mo wá ní, "Afárá kan wà—"

Agogo dún.

"Ọnarébù, ẹ jókòó."

Inú bí mi. Mo lọ bá àgbà aṣòfin kan tó ti lo sáà mẹ́ta, mo ní Olórí Ilé dí mi lẹ́nu. Àgbà náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ìjókòó ọjọ́ náà síwájú mi.

"Ẹ kà á. Ó ku màlúù tí wọ́n ń pa ní Oko Ọba nìkan tí ẹ ò kí. Afárá yín dà?"

"Ṣé kí n wá dìde láìkí àgbà, bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé?"

"Ẹ kí wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé yìí, ẹ ò sọ ọ́."

Lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n tún pè mí. Baálẹ̀ abúlé wa wá, wọ́n jókòó sí ìjókòó àlejò. "Afárá abúlé wa ti jẹrà," ni gbólóhùn tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Kí agogo tó dún, mo ti parí. Ilé ní kí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ òde lọ wò ó.

Níta, baálẹ̀ kò dá ìkíni mi lóhùn.

"O ò kí ẹnikẹ́ni. Ojú tì mí."

"Ẹ má bínú, bàbá. Mo kí wọn nígbà àkọ́kọ́, wọn ò ráyè gbọ́ ti afárá."

"Ọjọ́ wo ni ìgbìmọ̀ náà ń bọ̀?"

"Ọjọ́bọ̀."

"Ó dáa. Mo ti bẹ káfíńtà pé kó wá kan pákó mẹ́rin sí afárá náà lọ́la. N ó dá a dúró, kí wọ́n lè rí bó ṣe bàjẹ́ tó."

Mo rò ó wò. Mo mọ̀ pé ihò kan lójú afárá yóò sọ ju gbogbo àròkọ mi lọ.

"Ẹ jẹ́ kó kàn án, bàbá. Àwọn ọmọ máa lọ síléèwé kí Ọjọ́bọ̀ tó dé."