Ọjọ́ tí Ìyá Òjó Gbá Òyìnbó Lọ́wọ́

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń koná nídìí àgbá ọtí kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó gbà kí n fọwọ́ kan ife tí a fi ń gba ọtí. Ọjọ́ tó gbà yẹn gan-an ni òyìnbó dé bá wa.

Ìyá Òjó ni gbogbo Issaba, ìlú wa, ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí. Sódábì ló ń pọn, ọtí tí àwọn ará òdìkejì ààlà ń pè ní ògógóró, kò sì sí ẹni tó ń pọn ọ́n bí i tirẹ̀ láti Towé títí dé Takon. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun mọ ẹlòmíì, ẹni náà ò mu tirẹ̀ rí.

Iṣẹ́ náà kò le lójú ẹni tó ń wò ó. Ẹmu ọ̀pẹ tó ti kan la máa ń dà sínú àgbá irin, a ó fi amọ̀ dí ẹnu rẹ̀ pinpin, a ó sì dáná sí i nídìí. Bó bá hó, ooru rẹ̀ á gba inú tíyò jáde. Tíyò ni ọ̀pá bàbà oníhò tó gba inú ọpọ́n omi tútù kọjá. Ibẹ̀ ni ooru ti ń di ọtí, tí á wá máa kán tó, tó, tó. Ṣùgbọ́n ọtí tó ń kán yìí ní orí, ó ní àárín, ó sì ní ìdí. Àárín là ń tà. Ìdí rẹ̀ kò lágbára, inú àgbá la máa ń dà á padà sí. Orí rẹ̀, ìyẹn ife àkọ́kọ́, ti àwọn baba wa tó wà nílẹ̀ ni. Ilẹ̀ là ń dà á sí, ẹnikẹ́ni kì í tọ́ ọ wò. Mo bi Ìyá Òjó nígbà kan pé kí ló dé.

"Àwọn tó ti kú nìkan ni kò lè pa," ló dá mi lóhùn.

Tíyò yẹn ni gbogbo ọrọ̀ wa. Ààfáà oníṣòwò kan ní Sakété, tí ẹnu rẹ̀ kò kan ọtí rí, ló bá wa wá a, tó fi aṣọ títà wé e wá láti Porto-Novo. Nígbà tí a ń dúpẹ́, ó ní, "Ẹ má wulẹ̀ dúpẹ́ jù. Bàbà ni mo tà, n ò mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi sè."

Nígbà náà, ìjọba Faransé ti ka sódábì léèwọ̀. Ọtí tó ti inú ọkọ̀ ojú omi sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kí a máa mu. Bí wọ́n bá ká ọ mọ́ ìdí àgbá, wọ́n á fọ́ àgbá, wọ́n á gé tíyò wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ìwọ alára á sì lọ sùn ní túbú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣiṣẹ́ nínú igbó ọ̀pẹ, lẹ́bàá odò.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, Ìyá Òjó gbé ife lé mi lọ́wọ́. "Àṣàbí, ìwọ ni kó o gba ọtí lónìí. Mò ń lọ pọnmi." Inú mi dùn débi pé mò ń kọrin. Orin yẹn àti èéfín ló júwe ọ̀nà fún wọn. Mo gbójú sókè, mo rí òyìnbó kan tó dé fìlà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú gáàdì kan, ọlọ́pàá ìjọba, lẹ́yìn rẹ̀ tó mú kùmọ̀ dání.

Àsìkò yẹn náà ni ọtí bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Nílé wa, bí àlejò bá bá ọ nídìí oúnjẹ tàbí ọtí, òun lo máa kọ́kọ́ bù fún. Ẹ̀rù àti ẹ̀kọ́ ilé bá para pọ̀, wọ́n gbé ọgbọ́n mi lọ. Mo gba ife àkọ́kọ́, mo kúnlẹ̀, mo gbé e fún òyìnbó. Mo rò pé bó bá mu ún, bóyá a ó bọ́.

Ó gbà á, ó gbé e dé ẹnu. Gbà! Ìyá Òjó ti odò dé, ó ju ìkòkò omi sílẹ̀, ó gbá a lọ́wọ́, ife fò wọ inú ewé.

"Yòvó! Òyìnbó! Ṣé o fẹ́ fọ́jú ni? Orí ọtí nìyẹn!"

Gáàdì gbé kùmọ̀ sókè. Mo ti dojú bolẹ̀, mo ti ń rí Ìyá Òjó nínú túbú, èmi ni mo sì fà á. N kò kórìíra ara mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Òyìnbó nawọ́ dá gáàdì dúró. Ó gbé ìka rẹ̀ tí ọtí dà sí sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó sọ Faransé lọ rẹpẹtẹ, gáàdì sì ń túmọ̀ rẹ̀ tìbínú-tìbínú.

"Ó ní etí òkun ni wọ́n ti bí òun. Bàbá bàbá òun ń fi èso igi pọn ọtí níbẹ̀. Ó ní ọwọ́ kan náà yìí ni bàbá yẹn gbá, nígbà tí òun fẹ́ tọ́ orí ọtí wò."

"Bàbá yẹn mọ iṣẹ́," ni Ìyá Òjó wí. "Bá mi bi í, ṣé wọ́n máa ń dà á sílẹ̀ fáwọn baba wọn?"

Gáàdì bi í. Òyìnbó sì fèsì.

"Ó ní wọ́n ń dà á nù, ṣùgbọ́n wọn kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ń dà á."

"Ó mà ṣe o," ni Ìyá Òjó wí, ó sì yí ìtì igi sọ́dọ̀ rẹ̀ pé kó jókòó.

Ó jókòó lóòótọ́, ó ń dúró de àárín. Nígbà tí àárín dé, Ìyá Òjó mi ìgò, ó gbé e sójú oòrùn. Ọtí gidi máa ń kó ìfóòfó bí ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn ìgò, ìlẹ̀kẹ̀ náà kì í sì í tètè bẹ́. Kí ó tó gbé ìgò sókè, òyìnbó ti na ọrùn. Àwọn méjèèjì ń wò ó bí ìgbà téèyàn ń wo eyín tuntun lẹ́nu ọmọ. Òyìnbó mu ún, ó wúkọ́, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó tún na ife.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ, gáàdì fi kùmọ̀ tọ́ka sí àgbá wa, ó bi òyìnbó ní ìbéèrè kan. N kò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n mo gbọ́ èdè kùmọ̀. Òyìnbó fèsì, gáàdì sì sọ ọ́ fún wa láìwojú wa.

"Ó ní ọ̀pẹ lòun wá wò. Ó ní ọ̀pẹ náà lòun rí."

Ìyá Òjó kò nà mí. Lọ́jọ́ kejì, ó tún gbé ife lé mi lọ́wọ́. "Ó dáa kéèyàn ṣàlejò," ó ní, "ṣùgbọ́n àwọn tó wà nílẹ̀ ló kọ́kọ́ dé."

Mo pọn ọtí títí irun mi fi funfun. Faransé ká àsíá wọn lọ, Ìyá Òjó náà wọlẹ̀ lọ bá àwọn tó ń bù fún. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá kan wá láti Cotonou, òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́, ó nawọ́ mú ife àkọ́kọ́ kí n tó sọ̀rọ̀. Gbà! Ọmọbìnrin mi, tó ń koná lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ti gbá a lọ́wọ́. Ọ̀gá ń wò ó, èmi náà ń wò ó. Mo jókòó sórí ìtì igi, mo rẹ́rìn-ín títí ẹkún fi dé. Láti ọjọ́ yẹn, ọwọ́ ọmọ mi ni ife wà; n kò fọwọ́ kàn án mọ́.