Aago Kan Àbọ̀ Ọjọ́ Jímọ̀

Òórùn yàrá yẹn ò tíì kúrò nímú mi: èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, eruku ọyẹ́, àti wáyà tó ti gbóná, tí gbogbo rẹ̀ dàpọ̀ mọ́ òtútù ẹ̀rọ amúlétutù. Yàrá kọ̀ǹpútà yunifásítì kan níbí ní Ìwó ni. Àwa mẹ́ta là ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí a ń pè ní sáfà: ọ̀gá wa, èmi, àti obìnrin kan tó ń ti Ilé-Ogbó wá lójoojúmọ́. Ẹgbẹ́ ni èmi àti òun, yẹ̀yẹ́ sì pọ̀ láàrin wa. Alfa ló ń pè mí, Ìyá Ìjọ ni mo ń pè é, nítorí òun nìkan ni kì í ṣe Mùsùlùmí nínú wa. Bí ọ̀gá àti èmi bá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí lọ́sàn-án Jímọ̀, òun ló máa ń jókòó ti yàrá náà. Á ní, “Alfa, má gbàgbé mi nínú àdúà o.”

Inú àpótí onírin kan tó ga dé àyà ọkùnrin, tí dísìkì kún inú rẹ̀, ni èsì ìdánwò gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wà. Àwọn sáfà wa, tí wọ́n ń lo ètò kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní Linux, ní irinṣẹ́ kékeré kan tí a fi ń bá àpótí náà sọ̀rọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. O ò ní fọwọ́ kan dísìkì rárá. Wàá kàn tẹ ìlà ọ̀rọ̀ kan, àpótí á ya àyè tuntun sọ́tọ̀, tàbí kó ṣe ẹ̀dà ohun tó wà nínú rẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ ìṣòro, tàbí kó pa ẹ̀dà náà rẹ́. Kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ kan àti pásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fi ń wọlé, ọ̀lẹ tiwa nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé kan, iná ṣe ségesège, èsì ìdánwò bàjẹ́. Mi ò tilẹ̀ mikàn, torí a máa ń ṣe ẹ̀dà ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Mo wá ẹ̀dà, mi ò rí ẹyọ kan. Àkọsílẹ̀ fi hàn pé wọ́n ń pa á rẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ní aago kan àbọ̀, pẹ̀lú orúkọ tí àwa mẹ́ta ń lò. Ní aago kan àbọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, orí ẹní ni èmi àti ọ̀gá máa ń wà, ní ejìká sí ejìká. Ta ló wá kù? Mi ò tilẹ̀ wo sáfà tí àṣẹ náà ti wá. Kí ni mo tún fẹ́ wò?

Láti ọjọ́ náà, ojú tí mo fi ń wo Ìyá Ìjọ yí padà. Bó bá rẹ́rìn-ín lórí fóònù, mo ní akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ra máàkì ló ń bá sọ̀rọ̀. Bó bá tètè dé, mo ní kí ló ń wá láàárọ̀ kùtù? Ó gbé àkàrà wá fún mi láti Ilé-Ogbó, mi ò jẹ ẹ́. Nígbà tí ọ̀gá ní, “Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé,” èmi ni mo dárúkọ rẹ̀. Wọ́n fún un níwèé pé kó lọ jókòó sílé títí ìgbìmọ̀ yóò fi pàdé, gbogbo wa sì mọ̀ pé iṣẹ́ ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. “Alfa, ìwọ náà gbà pé èmi ni?”

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni ò mọ ẹni tó pa á? Bí mo ṣe ń rò ó nínú nìyẹn. Mo yíjú sí kọ̀ǹpútà mi.

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, a ti yàrá náà pa, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lápò mi. Nígbà tí a kírun dé, ẹ̀dà Ọjọ́bọ̀ ti lọ. Aago kan àbọ̀ géérégé. Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo sáfà tí àṣẹ náà ti wá: ògbólógbòó kan tó wà ní igun, tí a ti gbàgbé pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo ṣí i, mo bá iṣẹ́ kan tó ń dá ara rẹ̀ ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́. Nígbà tí àpótí wa ṣì kéré, a máa ń kó ẹ̀dà sórí dísìkì mìíràn láàárọ̀ Jímọ̀, a ó sì pa ti inú àpótí rẹ́ kí àyè lè wà. Àpótí ńlá dé, a dẹ́kun kíkó, mo gbàgbé láti dẹ́kun pípa.

Àlàyé tí mo fọwọ́ ara mi kọ sókè iṣẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀: “Kò sẹ́ni tó ń lo sáfà lásìkò yìí, gbogbo wa ti lọ kírun.” Ó ti lé lọ́dún kan tí Ìyá Ìjọ ti ń bá wa ṣiṣẹ́ nígbà tí mo kọ ọ́. Ìtìjú mú mi débi pé ilẹ̀ ni mo jókòó sí.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ilé-Ogbó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ń ṣa ẹ̀wà níwájú ilé wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, ẹgbẹ́ mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ títí kan àlàyé tí mo kọ. Kò dáwọ́ ẹ̀wà dúró.

“Gbogbo yín lọ kírun,” ó ní. “Èmi wá ńkọ́?”

Mo jẹ́wọ́ níwájú ìgbìmọ̀, wọ́n dá a padà sẹ́nu iṣẹ́, kúẹ́rì sì wá sọ́dọ̀ mi. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ la fi tún èsì tẹ̀ láti inú ìwé àwọn olùkọ́. Kálukú wa ti wá ní orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó kù sí mi lára kì í ṣe ọ̀rọ̀ pásíwọ́ọ̀dù. Nígbà tí mò ń ka àwa tó wà níbẹ̀, mi ò kà á mọ́ wa. Nígbà tí mo wá ń wá olè, òun nìkan ni mo kà.

A ṣì jọ ń ṣiṣẹ́. Lọ́sàn-án Jímọ̀, ó ṣì ń jókòó ti yàrá náà títí a ó fi dé. Kì í pè mí ní Alfa mọ́. “Ẹ káàbọ̀, sà,” ló máa ń wí.