Wọ́n Ní Ìbínú Ló Ń Ṣe É

Ìyá Onígíláàsì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ń gé gíláàsì, ó ń fi í sí fèrèsé, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ohun tó fi ń gé e lọ. Káfíńtà tó bá gbé férémù tó wọ́ wá bá a, ọ̀rọ̀ tí kò ní lè sọ fún ìyàwó rẹ̀ nílé ni yóò gbé padà. Tíṣà ni ọkọ rẹ̀, jẹ́jẹ́ sì ni tirẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ń jà, ohùn ẹnìkan ṣoṣo lẹ ó máa gbọ́.

Orí àkàbà ló wà lọ́jọ́ tí àìsàn yìí bẹ̀rẹ̀. Àyà rẹ̀ ṣàdédé ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún, á dúró, á tún ta lẹ́ẹ̀mẹta léra, bí ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n dé mọ́nú agolo. Ojú rẹ̀ ṣú. Ó di àkàbà mú títí ó fi lọ, ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí pákó, ó ń bú àkàbà.

Ó tún ṣe é níbi tó ti ń fọṣọ. Ó tún ṣe é níbi tó jókòó jẹ́ẹ́ sí tí kò bá ẹnikẹ́ni fa nǹkan kan. Ló bá gba ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ ọkọ rẹ̀ lọ.

"Dókítà, àyà mi ń já."

Dókítà ò gbójú sókè. "Kí ló ń bà yín lẹ́rù, mà?"

"Kò sóhun tó ń bà mí lẹ́rù. Mo ní àyà mi ń já. Ọkàn mi ò dúró sójú kan."

"Ọkàn yín ò balẹ̀. Ẹ̀ ń ronú jù. Ṣé ilé tòrò?"

Bó ṣe di wàhálà nìyẹn. Bó ti wù kó sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ẹni tẹ́rù ń bà tàbí ẹni tí ìrònú fẹ́ pa ni dókítà ń gbọ́. Kò gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ìlù ọkàn lé e láyà. Kò tilẹ̀ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú wò. Oògùn oorun ló kọ fún un. Ó padà lọ lọ́dún kejì: oògùn oorun. Ó tún lọ lọ́dún kẹta, dókítà ní kó dín ìbínú kù, pé bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí fáwọn obìnrin tó bá ti dàgbà dé ibi tó dé yẹn.

Nílé ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Àǹtí Àgbà, gbá ọ̀rọ̀ dókítà mú bí ẹni tó rówó he. "Mo ti wí! Ìbínú yẹn ló ń jà á láyà. Ìyàwó wa, ẹni tó ń dáná ìbínú, ara rẹ̀ ló ń sun." Tíṣà ń wolẹ̀. Kò gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì ta kò ó. Ìyẹn ló dun ìyàwó rẹ̀ jù. Bó bá sì fi lè bínú sí i, wọn á ní, "Ẹ ò rí i?" Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn ìbínú kàn, ohùn wo ló kù tí yóò fi rojọ́? Ló bá ń gbé e mì. Ó ń rẹ́rìn-ín fún gbogbo ayé, ó ń pe káfíńtà ní "ọ̀gá mi." Àyà ò yéé já.

Nígbà tó di ọjọ́ kan, òun àti káfíńtà kan ń gbé gíláàsì ńlá wọ ṣọ́ọ̀bù oníbàtà. Ọkàn rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ilẹ̀ yí mọ́ ọn lójú. Ó ṣubú, gíláàsì fọ́ mọ́ ọn lápá. Ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n sáré gbé e lọ. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ fọ egbò rẹ̀ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tún di èkejì mú.

"Mà, láti ìgbà wo ni ọkàn yín ti ń lù báyìí?"

"Ọdún mẹ́ta."

"Ta lẹ sọ fún?"

"Ẹ kúkú bi mí pé ta ni n ò sọ fún."

Nọ́ọ̀sì lẹ wáyà mọ́ ọn láyà. Bébà jáde lára ẹ̀rọ, ìlà orí rẹ̀ ń fò kátikàti. Kò pẹ́ tó àkókò tí èèyàn fi ń se ẹyin. Ìyá Onígíláàsì wo bébà yẹn, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rù, kì í ṣe ìbànújẹ́. Inú ló bí i. Nǹkan tí kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ!

Wọ́n kọ́kọ́ fún un lóògùn fún oṣù mélòó kan, ọkàn ò gbọ́. Ni dókítà ọkàn, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè, bá pè é pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti Àǹtí Àgbà. Ó ní iná kékeré kan bí iná mànàmáná wà nínú ọkàn gbogbo èèyàn, òun ló ń pàṣẹ pé lù, sinmi, lù, sinmi. Ní ti Ìyá Onígíláàsì, ẹnu ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà láti ẹ̀dọ̀fóró wọ inú ọkàn náà ń ta iná tirẹ̀, àṣẹ wá di méjì di mẹ́ta. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú ọkàn, kó gba ọpọlọ lọ, kó sì di rọpárọsẹ̀.

"A ò ní la àyà," ló wí. "A ó ki rọ́bà tín-ín-rín bọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ níbi tí itan ti pàdé ikùn, a ó tì í gòkè títí dé inú ọkàn, a ó sì fi ooru ẹnu rẹ̀ jó ibi tí àṣẹ èké yẹn ti ń wọlé."

Àǹtí Àgbà dìde dúró. "Ẹ fẹ́ dáná sun ọkàn rẹ̀? Ìyàwó wa, ìfọ̀kànbalẹ̀ lo nílò, kì í ṣe iná!"

"Àǹtí," ni Ìyá Onígíláàsì wí, "ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni yín, mo sì kúnlẹ̀ kí yín láàárọ̀ yìí. Àmọ́ tí ẹ bá tún dárúkọ ìfọ̀kànbalẹ̀ sétí mi, oníbìínú tí ẹ̀ ń sọ yẹn, ẹ ó fojú kàn án lónìí." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Tíṣà, ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ ti dákẹ́ tó."

Tíṣà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀. "Dókítà, ẹ bá wa ṣe é," ló wí. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ó tó gẹ́ẹ́."

Yàrá tí wọ́n ti ṣe é tutù bí inú ẹ̀rọ amómitutù. Nọ́ọ̀sì tó ń da aṣọ bò ó fẹ́ sọ pé "ẹ fọkàn balẹ̀," ó rí ojú rẹ̀, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Oorun gbé e lọ. Nígbà tó jí, wọ́n ní kó na ẹsẹ̀ gbọọrọ, kó má ká a títí di ìrọ̀lẹ́, kí ojú ihò itan má baà ṣẹ̀jẹ̀. Itan yẹn dúdú bí ẹni tí wọ́n fi kùmọ̀ lù. Àyà ò ní àpá kankan.

Láàárín oṣù tó tẹ̀ lé e, ọkàn tún fò lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà ti sọ fún un pé ó lè rí bẹ́ẹ̀ kí ojú egbò inú tó jinná, síbẹ̀ Àǹtí Àgbà ti ń mi orí. Lẹ́yìn náà ọkàn rọlẹ̀. Ìyá Onígíláàsì á jí láàárọ̀, á gbọ́wọ́ láyà, á tẹ́tí, kò ní gbọ́ nǹkan kan ju lù, sinmi, lù, sinmi.

Ìgbà náà ló wá múra, ó gba ilé ìwòsàn kékeré lọ. Ó jókòó dúró títí ó fi kàn án.

"Dókítà, ẹ rántí mi?"

Kò rántí rẹ̀. Ọdún mẹ́ta! Ìyá Onígíláàsì sọ gbogbo rẹ̀ fún un látìbẹ̀rẹ̀, ó sì fi apá tí gíláàsì ya hàn án. Dókítà gbé bírò sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà."

"Màá bínú! Ẹni tó bá bínú ni wọ́n ń bẹ̀, wọn kì í sọ fún un pé kó má bínú bí ẹni ń sọ fún ọmọdé pé kó má sunkún. Mi ò wá ṣépè. Obìnrin míì tó bá wọlé tó ní àyà òun ń já, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò."

"Èrò pọ̀, mà. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo la ní, ó sì ti bàjẹ́."

"Ọwọ́ yín náà ti bàjẹ́ ni?"

Ìyá Onígíláàsì dìde, ó jáde, ó sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

Bóyá dókítà yẹn yí padà, a ò mọ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé Ìyá Onígíláàsì ti padà sórí àkàbà, àwọn káfíńtà sì ti ń wọn férémù wọn lẹ́ẹ̀mejì. Àǹtí Àgbà ní tirẹ̀ ń sọ kiri pé iṣẹ́ yẹn ò pé, pé ọkàn ni wọ́n jó, wọn ò jó ẹnu. Nígbà tí Ìyá Onígíláàsì gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ títí di òní, kò tíì padà fẹsẹ̀ kan ilé Àǹtí, Tíṣà ò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ.