Wọ́n Dákẹ́ fún Ajá, Wọ́n Gbàgbé Fúnṣọ́ Adédàpọ̀

Fúnṣọ́ Adédàpọ̀ kú ní ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù tó kọjá, lórí àga nílé rẹ̀ ní àdúgbò Williamsbridge, ní Bronx, níbi tó ti ń wo eré bésíbọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹgbẹ́ rẹ̀, Bronx Egrets, tí gbogbo àwa Yorùbá àdúgbò ń pè ní Lékèélékèé, ń fi àmì mẹ́rin sí ẹyọ kan na àlejò wọn lọ́wọ́. Nígbà tí Màmá Elizabeth, ìyàwó rẹ̀, gbé àwo dòdò wọlé láti ilé ìdáná, ó rò pé oorun ló gbé e lọ, torí ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ bá bi mí léèrè oore tí Lékèélékèé ṣe fún Fúnṣọ́ láti ogójì ọdún ó lé, òun nìyẹn: wọ́n ń borí lọ́wọ́ nígbà tó ń lọ.

Kí n tó bínú, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tó jẹ́, torí ọkùnrin náà kò fẹ́ kéèyàn fajú ro nítorí òun.

Ọmọ Iléṣà ni. Kíríkẹ́ẹ̀tì ló gbá nílé ìwé, kó tó wá kàwé ní New York lọ́dún 1977. Nígbà yẹn, Lékèélékèé ti wà láti ọdún 1961, wọn ò sì tíì gba ife kankan. Líìgì kékeré ni tiwọn, kì í ṣe èyí tí gbogbo ayé ń wò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni fún àwọn tó ń ṣe é. Aṣọ wọn funfun báláú, eré wọn dúdú bí ìdí ìkòkò. Lọ́dún 1968, àlejò fi mọ́kànlélógún sí òdo lù wọ́n nínú pápá ara wọn. Lọ́dún 1973, ipò ìkẹyìn ni wọ́n wà, wọ́n sì tún wà níbẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀lé e, bí ẹni pé wọ́n ń ṣọ́ ọ kí ẹlòmíì má bàa gbà á. Àwọn àgbà àdúgbò Tremont máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ sùúrù, kó lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì Lékèélékèé.

Lọ́dún 1980, wọ́n kéde pé kí ẹnikẹ́ni tó bá mọ bọ́ọ̀lù jù wá dán ara rẹ̀ wò. Fúnṣọ́ lọ. Nínú bésíbọ́ọ̀lù, ẹni tó ń jù ú kì í la bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀. Ńṣe ló máa ń fi ránṣẹ́ tààrà sí ẹni tó di igi ìgbábọ́ọ̀lù mú. Kò sẹ́ni tó sọ fún Fúnṣọ́. Ó sáré wá láti ọ̀nà jíjìn, ó na apá gbọọrọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ní kíríkẹ́ẹ̀tì, ó la bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀. Bọ́ọ̀lù ta sókè, ó sì gbé fìlà kúrò lórí rẹfirí. Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín, òun náà sì bá wọn rín in.

Kóòṣì bi í pé, "Níbo lo ti wá?"

Ó ní, "Iléṣà, sà."

"Ṣé báyìí ni gbogbo ará Iléṣà ṣe ń jù ú?"

"Rárá, sà. Àwọn kan burú jù mí lọ."

Wọ́n gbà á.

Ọdún 1982 ni ohun tí ẹnikẹ́ni ò retí ṣẹlẹ̀: Lékèélékèé dé àṣekágbá. Eré méje ni àṣekágbá náà. Àwọn àti ẹgbẹ́ Dockers láti Brooklyn ti pín mẹ́fà àkọ́kọ́ lọ́gbọọgba. Nínú èyí tó kẹ́yìn, Lékèélékèé ń fi méjì sí ẹyọ kan ṣíwájú nígbà tí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn fi ẹsẹ̀ rọ́. Wọ́n wo ẹ̀yìn, Fúnṣọ́ nìkan ló kù. Ó jù ú títí eré fi parí, kò sì sí Docker kan tó tún rí àmì gbà. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ á gba òkè wá bí ẹni pé New Jersey ló ń lọ, á wá já bọ́ lójijì lábẹ́ igi. Ife àkọ́kọ́ nìyẹn, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélógún.

Kí ni wọ́n wá fi san án? Lọ́dún tó tẹ̀lé e, èjìká ọ̀tún rẹ̀ wú. Dókítà ẹgbẹ́ gún un lábẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora, ó ní kó padà sórí pápá. Ó tún wú, wọ́n tún gún un. Nínú eré tó tẹ̀lé e, nǹkan já nínú èjìká náà. Àwọn tó jókòó nítòsí ní àwọn gbọ́ ìró rẹ̀. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti lé e. Ta ló pàṣẹ abẹ́rẹ́ yẹn? Ṣé dókítà ni, àbí alága ẹgbẹ́ tí ojú ń kán fún ife kejì? Títí dòní, kò sẹ́ni tó dáhùn. Apá ọ̀tún Fúnṣọ́ kò gòkè kọjá igbá àyà mọ́ títí ó fi kú.

Ẹ wá wo ohun tí ọkùnrin yìí ṣe. Ó padà sí yunifásítì, ó kọ́ iṣẹ́ fisiotẹ́rápì, ó sì fi ọgbọ̀n ọdún tọ́jú èjìká ẹlòmíì ní ọsibítù. Ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wa, bí wọ́n bá ní ká gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ọ̀kan ni Fúnṣọ́ máa ń gbé. Pásítọ̀ àlejò kan bi í léèrè ìdí. Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, sà. Olúwa mọ ibi tí ìkejì wà."

Lọ́dún 2011, èjìká Rasheed wú. Ọmọ àdúgbò St. Albans ni, òun ló ń ju bọ́ọ̀lù fún Lékèélékèé nígbà náà. Ẹnì kan júwe ilé Fúnṣọ́ fún un. Fúnṣọ́ tẹ èjìká náà wò, ó ní, "Ọmọ mi, bí wọ́n bá gbé abẹ́rẹ́ dé, sọ fún wọn pé o ò gbà. Lọ sinmi." Inú bí àwọn ọ̀gá, ṣùgbọ́n Rasheed sinmi, Fúnṣọ́ sì tọ́jú rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Rasheed gba ife kejì fún wọn pẹ̀lú márùn-ún sí òdo. Méjì péré ni ife tí Lékèélékèé ní láyé, ọwọ́ Fúnṣọ́ sì wà nínú méjèèjì.

Lẹ́yìn ìsìnkú, èmi àti Oyíndà, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ lọ́yà, lọ sí pápá náà láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dákẹ́ ìṣẹ́jú kan fún un kí eré Sọ́ńdè tó bẹ̀rẹ̀. Lucy, obìnrin tó ń bójú tó ìtàn ẹgbẹ́, gbà wá dáadáa, ó bu kọfí fún wa. Ṣùgbọ́n ó ní, "Ẹ má bínú, kò sí orúkọ yẹn nínú ìtàn wa."

Oyíndà mú un lọ síwájú ògiri tí wọ́n lẹ àwòrán àwọn tó gba ife mọ́. Wọ́n ti gé etí àwòrán ọdún 1982 kúrò kí ìpolówó áísìkiriìmù lè ráyè. Lórí èjìká ẹni tó kángun sí etí náà, ọwọ́ dúdú kan wà níbẹ̀. Kò ní ara, kò ní ojú.

Oyíndà bi í pé, "Ta ló ni ọwọ́ yìí?"

Lucy wò ó títí. "Mi ò mọ̀."

"Daddy mi ló ni ín. Ọwọ́ tí ẹgbẹ́ yín bà jẹ́ gan-an nìyẹn."

Lucy ní òun á bá àwọn ọ̀gá sọ̀rọ̀, mo sì gbà pé ó sọ ọ́. Èsì àwọn ọ̀gá ni pé ètò ọjọ́ náà ti kún, àti pé ọmọ ìdílé Egrets nìkan ni àwọn máa ń dákẹ́ fún.

Ọmọ ìdílé. Nínú oṣù karùn-ún, gbogbo pápá yẹn dìde, wọ́n sì dákẹ́ fún Biscuit, ajá tó máa ń sáré lọ gbé igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Mi ò bá ajá jà. Ajá rere ni Biscuit, mo gbọ́ pé kò bu ẹnikẹ́ni jẹ rí. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù wo ni Biscuit jù? Docker wo ló dá padà? Àbí èèyàn gbọ́dọ̀ ní ìrù kó tó lè di ọmọ ìdílé yín?

Ní Sọ́ńdè náà, a ra tíkẹ́ẹ̀tì wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìjọ ló lọ. Màmá Elizabeth fi fìlà Lékèélékèé lé orí gèlè. Bí eré ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Rasheed, tó ti di kóòṣì wọn báyìí, rìn lọ sí àárín pápá, ó ṣí fìlà, ó sì dúró síbẹ̀. Rẹfirí lọ bá a pé kó kúrò. Ó ní, "Ẹnì kan kú. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan." Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde wá dúró tì í lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn àlejò náà ṣí fìlà. Kò sẹ́ni tó kéde nǹkan kan, síbẹ̀ àwọn èrò dìde. Oyíndà wá pe orúkọ bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ahọ́n Amẹ́ríkà rẹ̀ tẹ́ orúkọ náà pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n gbogbo pápá gbọ́ ọ. Màmá Elizabeth ń nu ojú, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún mi pé, "Ká ní ó wà níbí ni, á ti ní kí gbogbo yín jókòó kí eré lè bẹ̀rẹ̀."

Lẹ́yìn náà, àwọn àlejò fi mẹ́sàn-án sí méjì nà wá.

Ní ọjọ́ kejì, ẹgbẹ́ ní kí Rasheed lọ rọ́kún nílé, torí pé ó dá eré dúró.

Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ̀yin ọ̀gá Lékèélékèé, ẹ dá Rasheed padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé áísìkiriìmù yẹn kúrò kí àwòrán náà lè pé, kí ẹ sì kọ orúkọ Fúnṣọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín máa yẹ èjìká àwọn ọmọ tó ń ju bọ́ọ̀lù fún yín wò. Kí ẹ sì sọ ní gbangba ẹni tó pàṣẹ abẹ́rẹ́ ọdún 1983. Ẹ má sọ fún wa pé ó ti pẹ́. Alága ìgbà náà ṣì wà láàyè, kì í pa eré Sọ́ńdè jẹ, àga kan náà ló sì máa ń jókòó lé nígbà gbogbo. Màmá Elizabeth ti ra ìjókòó tó kángun sí i fún Sọ́ńdè tó ń bọ̀. Ó ní òun ò ní jà, òun ò sì ní pariwo. Òun á kàn kí i dáadáa, òun á bi í léèrè ẹni tó ní kí wọ́n gún ọkọ òun, òun á sì jókòó tì í títí yóò fi dáhùn.