Ẹ̀rín Àṣàkẹ́ Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

Àṣàkẹ́ Ọ̀kín, ọmọ Ìyẹ̀rú, ọmọ Ọlọ́fà. Adúmáadán obìnrin. Aránṣọ tó ń rán yọ́nífọ́ọ̀mù tí ọmọ ń wọ̀ títí àbúrò á fi gbà á. Obìnrin kúkúrú ẹlẹ́rìn-ín gígùn, tí ẹ̀rín rẹ̀ ń dé ìdí ẹ̀rọ omi kí òun fúnra rẹ̀ tó dìde lórí àga. Ìyàwó mi ni. Àwọn ọmọ ti kọ orúkọ rẹ̀ yòókù sínú ìwé ètò ìsìnkú. Oríkì lèmi fi ń pè é nílé, oríkì náà ni mo fi pè é níbí.

Yàrá kan àti pálọ̀ la ní ní Ajégúnlẹ̀ nígbà náà, nínú ilé tí yàrá ti ń wo yàrá lójú. Èmi ń ru ẹrù ní Kirikiri, níbi tí àwọn bájì ti ń já ẹrù ọkọ̀ òkun. Òun gbé máṣíìnì rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, àwọn ìyá ọmọ ń ti Olodi-Apapa wá bá a. Mo ṣì mọ bí a ṣe ń pe gbogbo ará ilé yẹn láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìwẹ̀: Ìyá Elépo, Bọ̀dá Oníkásẹ́ẹ̀tì tó ń fi fídíò yáni, Mama Warri àtàwọn ọmọ rẹ̀ márùn-ún, Àlùfáà Kékeré, àwa. Púpọ̀ nínú wọn ti lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà láàárín èmi àti Àṣàkẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 tí a fẹ́ra. Ó jẹ́ nípa ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ kí bàbá rẹ̀, mo sì ti fi òfin dè é pé kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó ń rántí ẹ̀. Á jókòó sídìí máṣíìnì, á rántí ẹ̀, ẹ̀rín á bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ bíi pé ẹsẹ̀ máṣíìnì ló ti wá, á gòkè, á já, á dákẹ́ débi tí wàá fi rò pé ó ti tán, á tún ti òkè sọ̀ kalẹ̀. Èmi tí mo wà nínú yàrá mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Mo máa ń díbọ́n pé mo ń sùn.

Àwọn ọdún 1990 ti wọlé, fídíò ti gba ilé kan, gba ilé kejì, nígbà tí ọkùnrin kan tó ń ṣe fíìmù gbé aṣọ dúdú wá pé kí Àṣàkẹ́ bá òun rán búbù méje. Dáírẹ́tọ̀ là ń pè é.

"Ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́?" Àṣàkẹ́ bi í.

"Àwọn àjẹ́ ni, Mọ́mì."

"Méje, búbù nìkan. Ṣé kò sí ọkùnrin níbi ìpàdé wọn ni?"

Dáírẹ́tọ̀ ní ọkùnrin ò lè ba àwọn oníbàárà lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. "Tí ọkùnrin bá rẹ́rìn-ín gùn nínú fíìmù, wọ́n á ní olówó ni. Obìnrin ló gbọ́dọ̀ jẹ́, Mọ́mì. Kó tú irun sílẹ̀, kó rẹ́rìn-ín. Ó parí."

"Ẹ ò tíì gbọ́ ibi tí ọkọ mi ti ń kọrin ní ilé ìwẹ̀ nìyẹn," ni Àṣàkẹ́ wí, òun fúnra rẹ̀ ló sì bú sẹ́rìn-ín.

Dáírẹ́tọ̀ gbé aṣọ sílẹ̀. Ó ní ẹ̀rín yẹn gan-an lòun ń wá. Nínú obìnrin méje tóun ní, ọ̀kan ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi, ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí tíṣà ní kó rẹ́rìn-ín. Ohùn Àṣàkẹ́ nìkan lòun fẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní rí ojú rẹ̀. Àṣàkẹ́ wo ojú mi. Èmi ni mo ní kó lọ. Mo fẹ́ kí ìyẹn wà lákọsílẹ̀.

Inú yàrá kan tí wọ́n fi mátírẹ́ẹ̀sì dí fèrèsé rẹ̀ ni wọ́n ti gba ohùn náà, ní Olodi-Apapa. Wọ́n ní kó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fẹ́ pa ọmọ ọmọ rẹ̀ jẹ. Kò rí i ṣe. Wọ́n ní kó sinmi, kó ro ohunkóhun tó bá wù ú. Ó ro nǹkan kan, ó sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń bẹ̀ ẹ́ pé ó ti tó.

Fíìmù náà jáde. Ìyàwó tuntun wọlé ọkọ, ìyá ọkọ ń di ẹyẹ, ìyálé ń tẹ̀ lé e, aládùúgbò tí kò rọ́mọ bí ló ń dáná fún wọn. Ọkọ ń sùn, ó jí, kò mọ nǹkan kan. Gbogbo iṣẹ́ ibi tó wà nínú ilé yẹn, obìnrin ló rù ú. Tí ọ̀kan bá ti tú irun sílẹ̀ báyìí, ẹ̀rín Àṣàkẹ́ á bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ á sì sá sẹ́yìn àga. Èmi tí mo mọ ẹ̀rín náà bí mo ṣe mọ ikọ́ ara mi, ara mi bù máṣọ.

A rẹ́rìn-ín sí i nílé. Lẹ́yìn náà ni ọ̀sẹ̀ tí àwọn ọmọ ń rán aṣọ iléèwé dé. Obìnrin kan mú ọmọ rẹ̀ wá láti Olodi-Apapa, ọmọbìnrin bí ọmọ ọdún mẹ́fà. Àṣàkẹ́ gbé tépù yí i lọ́rùn, ìyá ọmọ dá àpárá kan, Àṣàkẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà gbójú sókè wò ó. Ó já ara rẹ̀ gbà, ó sá, tépù ń wọ́ tẹ̀ lé e dé títì. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ wá. Lọ́jọ́ kejì, ó padà wá gba aṣọ tí Àṣàkẹ́ kò tíì gé. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹlòmíì wá, ó ní òun kàn fẹ́ gba tòun náà ni. Kò sẹ́ni tó pè é ní àjẹ́. Àwọn ọmọ ni kò gbà kó fọwọ́ kan àwọn.

Bí Àṣàkẹ́ ṣe gbé ẹ̀rín pamọ́ nìyẹn. Tó bá fẹ́ dé, á ki etí gèlè bọ ẹnu, èjìká rẹ̀ nìkan lá máa mì. Nígbà tó yá, èjìká náà dákẹ́. Mo ń ti Kirikiri bọ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan lójú títì, àfi ìró máṣíìnì.

Mo bi í pé, "Àṣàkẹ́, títí di ìgbà wo?"

"Títí wọ́n á fi gbàgbé, Dádì. Fíìmù mìíràn á jáde."

"Kí lo rò lọ́jọ́ yẹn nínú yàrá onímátírẹ́ẹ̀sì?"

"Ẹ ní mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

"Fún èmi náà?"

"Ẹ̀yin lẹ ṣáà ṣe é."

Gbogbo Ajégúnlẹ̀ ń sá fún ẹ̀rín tí Àṣàkẹ́ ń fi èmi rín. Inú kọ́kọ́ bí mi, mi ò ní purọ́. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi jẹun láì bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, mo gbọ́ tí Àlùfáà Kékeré sọ̀rọ̀ tó pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín, mo yọjú wo Àṣàkẹ́, gèlè ló wà lẹ́nu rẹ̀.

Sátidé, lọ́sàn-án gangan, iná wà. Mo bẹ Bọ̀dá Oníkásẹ́ẹ̀tì, ó gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo pe àwọn ọmọ ilé, mo pe àwọn ọmọ òdìkejì, mo lọ bẹ ìyá ọmọ Olodi-Apapa, òun náà mú ọmọ rẹ̀ wá. A fi kásẹ́ẹ̀tì náà sí i. Àwọn àjẹ́ yí ìkòkò ká, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ bo ojú. Mo ní kí Bọ̀dá dá a dúró.

"Ṣé ẹ mọ ohun tí obìnrin yìí ń fi rẹ́rìn-ín?"

Wọn ò mọ̀ ọ́n. Àṣàkẹ́ ti gbé orí sókè lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní, "Dádì, ẹ fi sílẹ̀."

Mo sọ ọ́. Mo ní lọ́jọ́ tí mo lọ kí bàbá rẹ̀, mo ra àpò ọsàn kan, mo wọ bàtà tuntun. Mo bá ọkùnrin kan tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ bá mi gbé ọsàn yìí wọlé, àna mi ń retí mi." Ó gbé e. Mo wọ pálọ̀, mo rí bàbá kan tó dúró lórí àga, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Mo na gbalaja.

Mo na gbalaja fún wọn lórí sìmẹ́ńtì, pẹ̀lú ṣòkòtò iṣẹ́ mi.

"Mo ní, 'Bàbá, ọmọ yín ni mo fẹ́ fẹ́.' Bàbá náà ní, 'Ọ̀gá, ọmọ mi ò ju ọdún mẹ́ta lọ. Fáànù ni wọ́n ní kí n wá tún ṣe.' Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi: 'Àna, níbo ni kí n gbé ọsàn yìí sí?'"

Ilẹ̀ ni mo ṣì wà nígbà tí mo gbọ́ ẹ̀rín náà. Ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó ti gèlè jáde, ó gòkè. Àwọn ọmọ wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n wo Àṣàkẹ́, wọ́n wo èmi. Ọmọbìnrin Mama Warri ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀:

"So na Dádì she dey laugh since?"

Wọ́n ní kí Bọ̀dá yí kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn. Wọ́n ní kí èmi náà tún dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo dọ̀bálẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Nígbà kẹrin, ọmọ Olodi-Apapa ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, ó gbọ́rùn sókè, Àṣàkẹ́ ń wọ̀n ọ́n, ẹ̀rín pa á débi pé ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Dáírẹ́tọ̀ padà wá fún fíìmù mìíràn. Àṣàkẹ́ ní, "Tẹ́ ẹ bá ní obìnrin kan nínú rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín torí pé inú rẹ̀ dùn, ẹ pè mí." Kò pè é.

A ò ní ohùn rẹ̀ mìíràn. A ò ronú ẹ̀. Ọmọ wa obìnrin ti bá wa gbé ẹ̀rín náà láti inú kásẹ́ẹ̀tì sínú fóònù kí kásẹ́ẹ̀tì náà tó bàjẹ́. Láàárọ̀ ìsìnkú, kí wọ́n tó gbé Àṣàkẹ́ kúrò ní pálọ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ ilé ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún. Bàbá àna wa tuntun kan dìde lórí àga rẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

Mo ní, "Ìyàwó mi ni, sà. Èmi ló ń fi rẹ́rìn-ín."

A sin Àṣàkẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, ní aago kan ọ̀sán.