Ìyá Ṣé-ẹ-sùn àti Dẹ́rẹ́bà Tí Kò Wakọ̀ Mọ́

Obìnrin kan gba yàrá tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù mi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gba àwọn tí ayé ti sú nímọ̀ràn. Ó kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan sára pátákó ẹnu ọ̀nà, mi ò kà á tán rí. Ìyá Ṣé-ẹ-sùn ni gbogbo wa ń pè é, torí ohun tó kọ́kọ́ máa ń béèrè nìyẹn. Kì í béèrè pé kí ló ń ṣe yín. Ṣé ẹ sùn? Kí lẹ jẹ? Ta lẹ bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀?

Aránbàtà ni èmi. Mo rò pé afẹ́fẹ́ ló ń tà.

Nọ́ọ̀sì ni obìnrin náà tẹ́lẹ̀. Ó ní nílé ìwòsàn, ẹni tó ń wo ojú ń wo ojú, ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ ń wo ẹsẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wo ẹni tó ni wọ́n. Ló bá kúrò níbẹ̀.

Àbúrò mi ló sọ mí di ẹni tó gun àtẹ̀gùn rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì ni, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń ná láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọlé, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Oúnjẹ tí mo bá gbé lọ, á tutù síbẹ̀. Ṣòkòtò ò dúró nídìí rẹ̀ mọ́. Dókítà ní ojú kì í pani. Àmọ́ mo rí i pé ó ń lọ, bẹ́ẹ̀ àwa méjì la kù lọ́mọ ìyá wa.

"Màmá," mo ní, "àbúrò mi fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́."

"Ṣé ó ń sùn?"

"Ó ń sùn ju òkú lọ!"

"Ìyẹn kì í ṣe oorun, Bàbá. Ẹ mú mi lọ."

Nígbà tó dé ilé àbúrò mi, ó ṣí fèrèsé. Ó ṣí ìkòkò, ó wo inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá Dẹ́rẹ́bà, mi ò mọ ọ̀nà tí ẹ máa ń ná. Ẹ mú mi gbabẹ̀ lọ́la."

"Ojú mi ò ríran."

"Ẹlòmíì ló máa wakọ̀. Ẹ̀yin á kàn máa júwe. Àmọ́ ẹ wẹ̀ kí n tó dé o, imú tèmi ríran."

Bó ṣe jáde, àbúrò mi yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti rí eléyìí?" Ó pẹ́ tó ti bá mi sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn.

Ní ọjọ́ kejì, àwa mẹ́ta wọ bọ́ọ̀sì lọ dé ìparí ọ̀nà, a sì wọ̀ ọ́ padà. Àbúrò mi ò jẹ́ kí awakọ̀ gbádùn.

"Rọra! Kòtò wà níwájú!"

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ ń wakọ̀ ni?"

"Bó bá jẹ́ èmi ni, à bá ti délé."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, pé ọkọ̀ ni àárò rẹ̀ ń sọ ọ́, ká wáṣẹ́ fún un ní ibùdókọ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́ sétí obìnrin náà. Ó na ọwọ́ pé kí n dákẹ́.

Ọkọ̀ dé ibùdókọ̀ tó kángun sí ilé rẹ̀. Àwọn èrò bọ́ sílẹ̀. Àbúrò mi di àga iwájú rẹ̀ mú, kò dìde.

"Ibí ni mo ti máa ń fọn fèrè. Tó bá ti gbọ́ ọ, á gbé omi kaná."

"Ta ni?"

"Ìyàwó mi."

Ó bú sẹ́kún.

Ó ti ju ọdún kan lọ tí ìyàwó náà ti kú. A sin ín tán, kò pẹ́ tí àbúrò mi fi padà sẹ́nu iṣẹ́. A ní ọkùnrin ni. Kò sẹ́ni tó rí omi lójú rẹ̀. Àṣé ọ̀nà ló gbé e dúró. Ọjọ́ tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ni ikú ìyàwó rẹ̀ tó dé bá a.

Mo fẹ́ ní kó mọ́kàn le. Ìyá Ṣé-ẹ-sùn tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, lórí bàtà tí mo fọwọ́ ara mi rán. Òun náà ò sọ pé kó mọ́kàn le. Ó jẹ́ kó sunkún tó.

"Tí omi bá wá gbóná ńkọ́?"

"Màá fọ ẹsẹ̀. Á ní, 'Ẹ ròyìn ọ̀nà.' Màá sọ ẹni tó wọkọ̀, ẹni tó bínú, ẹni tó sùn kọjá ilé rẹ̀. Á máa rẹ́rìn-ín."

"Ta ló ń gbọ́ ìròyìn ọ̀nà báyìí?"

Obìnrin náà wojú mi. Èmi tí ọ̀rọ̀ púpọ̀ máa ń rẹ̀!

Kò fi mọ síbẹ̀. Ó ní ohun tó bá ojú ti bá imú. Ó ní kí àbúrò mi máa wá jẹun lọ́dọ̀ mi, kó má dá jẹ. Ó ní kó máa fẹsẹ̀ rìn wá. Ó ní kó padà sílé àdúrà tó ti pa tì, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ìjà ló fẹ́ bá Ọlọ́run jà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tó gbé bàtà wá fún mi rán, mo bi í léèrè. "Màmá, ẹ̀yin náà ńkọ́, ta ló ń bi yín bóyá ẹ sùn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi obìnrin ni. Ó ti jìnnà báyìí." Ó wo ojú títì fúngbà díẹ̀, ó sì gòkè lọ bá ẹni tó wá gbàmọ̀ràn, tó ń dúró dè é.

Àbúrò mi ń jẹun. Ṣòkòtò ti ń dúró nídìí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ wọ̀ ọ́ bọ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ á jókòó síwájú mi, á máa ròyìn. Ìgbà mìíràn, tó bá dé ibi tó yẹ kí ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín, á máa retí ẹ̀rín yẹn. Èmi ò mọ bí obìnrin yẹn ṣe ń rín in.

Màá gbé òlù tí mo fi ń lu awọ bàtà sílẹ̀.

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?" màá ní.

Á wò mí. Á wá máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.