Ọkọ̀ Ló Jẹ̀bi, Kì Í Ṣe Ọmọ

Fíńjú onígbàjámọ̀ kì í jẹun tán kó má nu tábìlì lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wá wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó lọ ra ọkọ̀ àlòkù! Kì í kúkú ṣe ọkọ̀ lásán: ọkọ̀ olówó ni, dúdú, ó ń dán, eré rẹ̀ ò sì kéré. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti jẹ ẹran ibẹ̀ tán, egungun ló tà fún Fíńjú. Lónìí iná pupa á tàn níwájú dẹrẹ́bà, lọ́la gíláàsì ò ní gòkè mọ́.

"Bàbá àwọn ọmọ," ni ìyàwó rẹ̀ ń wí, "ọkọ̀ yìí ló ń gùn yín, ẹ̀yin kọ́ lẹ ń gùn ún."

Ọkọ̀ yìí náà ni Fíńjú fi kọ́ àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ní ọkọ̀ wíwà. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n wà dáadáa. Àfi lọ́jọ́ tí òun àti bàbá rẹ̀ dé oríta ńlá, tí ẹ́ńjìnnì kú pii láàárín títì, tí ọkọ̀ akẹ́rù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá wọn. Jìnnìjìnnì bo Fíńjú, ó sì di ìbínú lẹ́nu rẹ̀.

"Kí lo tẹ̀? O máa pa èèyàn lọ́jọ́ kan! Má fọwọ́ kan ọkọ̀ mọ́!"

Níwájú èrò ló ti sọ ọ́ o. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọmọ náà bọ́ sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn relé.

Nígbà tí ilé ìwòsàn wá fún un níṣẹ́ tó ti ń wá tipẹ́, pé kó máa wakọ̀ lọ tọ́jú àwọn aláìsàn nílé wọn, ó ní òun ò ṣe. "Bàbá mi ní màá pa èèyàn," ló sọ fún ìyá rẹ̀. Fíńjú gbọ́ ọ láti yàrá kejì. Ó dùn ún wọra, ṣùgbọ́n àgbà tó ti tutọ́ sílẹ̀, ṣé á tún gbé e mì ni?

Irun ló ń gé lọ́wọ́ nígbà tí àwọn aṣojú ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà pè é. Wọ́n ní gbogbo irú ọkọ̀ rẹ̀ tí àwọn ṣe lọ́dún yẹn làwọn ń ké sí padà, pé pọ́ǹpù epo inú rẹ̀ lè dákẹ́ lójijì lójú ọ̀nà. Kó gbé e wá, àwọn á pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń wà á ńkọ́? Ṣé òun ló fà á?"

"Rárá o, sà. Ọwọ́ dẹrẹ́bà ò sí níbẹ̀."

Háà! Fíńjú mí kanlẹ̀. Ara tù ú, ojú sì tún ń tì í. Ó fi oníbàárà sílẹ̀ pẹ̀lú irun ààbọ̀ orí, ó di ilé. Ó bá ọmọ náà níbi tó ti ń fọ abọ́.

"Ọmọ mi, ọkọ̀ ló jẹ̀bi. Èmi náà sì jẹ̀bi. Má bínú."

Ọmọ náà ò gbójú sókè. "Ìta lẹ ti bú mi, Bàbá."

Òótọ́ ni. Fíńjú ṣílẹ̀kùn, ó dúró sáàárín àdúgbò, ó figbe ta: "Ẹ gbọ́ o! Ọmọ mi mọ ọkọ̀ wà! Èmi ni mo ṣì í bú!" Àwọn èèyàn yọjú lójú fèrèsé. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ò dá a dúró, ó tún igbe náà ta.

Nínú ilé, ọmọ náà ti ń fọwọ́ olómi gbé fóònù.

"Ẹ ẹ̀ tíì fún ẹlòmíì níṣẹ́ náà, àbí? Mo ń bọ̀ o. Mo mọ ọkọ̀ wà."